Bọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ kajú wa ń sùn: ẹ̀yin tó ti jókòó níbẹ̀ rí, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Ìjùmú

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ìlú wa lápá Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, dá ilé-iṣẹ́ kajú kan sílẹ̀. Ọmọ ìlú mẹ́rìndínláàádọ́ta ló ra ṣíà níbẹ̀, àwọn kan l'Ékòó, àwọn kan l'Ábújá, àwọn kan nílé níbí. A máa ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀, a óò sá a, a óò ṣà á, a óò tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun. Ọdún tó kọjá ni wọ́n fi mí ṣe dáírẹ́kítọ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ni wọ́n fún mi, àṣé àga lásán ni.

Àwa mọ́kànlá la wà nínú bọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la ń pàdé, lẹ́yìn Kérésì, nígbà tí gbogbo èèyàn bá wálé ọdún. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èyí tó kọjá ṣe lọ. Aago mẹ́wàá ni wọ́n pè é, ó kọjá aago méjìlá kí a tó jókòó. Àdúrà. Obì. Bíbélì kíkà. Ìkíni. Lẹ́yìn náà ni M.D., ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ lójoojúmọ́, pín ìwé olójú ewé mẹ́rìnlá fún wa, tó ṣì ń gbóná láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Alága gba tiẹ̀, ó ká a sí méjì, ó tì í bọ abẹ́ Bíbélì rẹ̀, ó ní, "Ẹ ti gbọ́ ohun tí M.D. wí. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn kó nawọ́." Gbogbo wa nawọ́. Èmi náà nawọ́. Ìrẹsì dé, wọ́n pín àpòòwé owó ìjókòó, ó parí.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó ka ìwé ọ̀hún. Ojú ewé kẹsàn-án ni mo ti rí i pé tọ́ọ̀nù àádọ́ta la rà, ogójì la tà. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́wàá tó ṣẹ́ kù ni "gbígbẹ". Ṣé kajú ń gbẹ tó bẹ́ẹ̀? Mi ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó bèèrè nínú wa.

Alága wa ni bàbá tó fún wa nílẹ̀ tí a kọ́ sítọ́ọ̀ sí. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ni M.D. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é tí bọ́ọ̀dù yìí á fi máa ṣiṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ pé mo rí àgbà fín?

Yàgbà l'Ábújá

Ẹ yọ alága. Kò sí ọgbọ́n mìíràn. Abala 288 òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, èyí tí wọ́n ń pè ní CAMA, sọ pé àwọn tó ní ṣíà lè fi ìbò yọ dáírẹ́kítọ̀ kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Ẹ fún ilé-iṣẹ́ ní ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ 28, ẹ pe ìpàdé, ẹ dìbò. Kí ẹ sì mú dáírẹ́kítọ̀ olómìnira mẹ́ta wọlé, àwọn tí kò bá ẹnikẹ́ni tan. Dandan ni.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Kàbà

Àbúrò mi l'Ábújá, rọra. Ilé-iṣẹ́ tí gbogbo aráyé lè ra ṣíà rẹ̀ ni òfin dáírẹ́kítọ̀ olómìnira wà fún. Tiwọn yìí, ilé-iṣẹ́ aládàáni ni. Ìlànà ìṣàkóso tí FRC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìṣirò owó ilé-iṣẹ́, gbé jáde ní 2018, tó ní kókó 28 nínú, kò dì wọ́n lọ́wọ́ náà. Wọ́n kàn lè yá èyí tó bá wúlò níbẹ̀. Òtítọ́ ni ti abala 288. Ṣùgbọ́n kí ẹ yọ ẹni tó ni ilẹ̀ tí sítọ́ọ̀ yín dúró lé? Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ìwé ilẹ̀ yẹn ná.

Ọmọ Ìjùmú, òkun. Iṣẹ́ akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ni mo ṣe l'Ékòó kí n tó wálé wá jókòó ti oko kọfí mi. Ohun tí ẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn Kérésì yẹn, ìkíni ọdún ni. Kò burú, ẹ máa ṣe é lọ. Ẹ ṣáà má pè é ní ìpàdé bọ́ọ̀dù.

Òfin ní kí ẹ fi ìwé pe dáírẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú, àfi tí ìwé òfin ilé-iṣẹ́ yín bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹni kan ṣoṣo tí wọn kò bá fìwé pè lè mú kí gbogbo ìpàdé di òfo. Ní ti iye èèyàn: tí dáírẹ́kítọ̀ bá ju mẹ́fà lọ, ìdá kan nínú mẹ́ta ni òfin bèèrè, tí ìwé tiyín kò bá ti yí i padà. Ẹ̀yin mọ́kànlá, mẹ́rin ti tó. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé "a ò tíì pé, ẹ jẹ́ ká dúró de àwọn ará Ábújá", ẹ bi í ibi tó ti rí i kà.

Ìwé ni gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí. Bọ́ọ̀dù tí kò rí ìwé títí ó fi jókòó, ohun tí M.D. bá fẹ́ ló máa ṣe, bí gbogbo wọn tiẹ̀ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ ní kí ìwé máa dé ní ọjọ́ méje ṣáájú. Kí ojú ewé àkọ́kọ́ sọ nǹkan méjì tàbí mẹ́ta tí M.D. fẹ́ kí ẹ pinnu, àti iye owó tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì fẹnu kò, kí ó wọ inú àkọsílẹ̀ ìpàdé, pé ìwé tí ẹ bá bá lórí ìjókòó, ẹ kò ní pinnu lé e lórí lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dá ìwé ẹ̀yáwó ńlá kan padà fún M.D. lójú gbogbo wa, ó ní kí ó gbé e wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ara M.D. gbóná. Láti ọjọ́ náà, ìwé ń dé kí a tó béèrè.

Ẹ tún ṣọ́ra o: ilé-iṣẹ́ aládàáni kò gbọ́dọ̀ ní ju àádọ́ta èèyàn tó ní ṣíà lọ, yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ti di mẹ́rìndínláàádọ́ta. Bí ẹnì kan bá kú tí ọmọ rẹ̀ mẹ́fà ní àwọn fẹ́ pín ṣíà bàbá wọn, ẹ ti kọjá ààlà nìyẹn. Kí wọ́n jọ dì í mú pọ̀. Ẹni kan ni òfin máa kà wọ́n sí.

Ìyá Oníkajú, Bùnú

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ò mọ òfin o, kajú ni mo mọ̀. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń rà á.

Ọmọ mi, kajú ń gbẹ. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, tí o bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tí o mì í, kò ní dún. Tó bá gbẹ dáadáa, á máa dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré. Mo máa ń fi ọ̀bẹ gé díẹ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan kí n tó sanwó, kí n lè rí inú rẹ̀, bóyá ó funfun tàbí ó ti dúdú. Ẹni tí kò bá gé e, òkúta ló ń rà.

Ìbéèrè tèmi ni pé nínú ẹ̀yin mọ́kànlá, ta ló ti gbé àpò kajú sórí sikéèlì rí? Mo mọ irú bọ́ọ̀dù yín yẹn dáadáa. Lọ́yà wà níbẹ̀, pásítọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ̀yìn tì ní mínísìrì wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ ńkọ́? Obìnrin ńkọ́? Àwa tí a ń rà á, tí a ń tà á, ìrẹsì la máa ń sè fún yín lọ́jọ́ ìpàdé.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Oṣù Kejì ni kajú ń bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́dọ̀ wa, ó di oṣù Karùn-ún kí ó tó tán. Kí oṣù Kẹfà tó wọlé, owó yín ti bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀ tán. Kí lẹ wá jókòó ń dìbò lé lórí ní ìparí ọdún?

Ọ̀dítọ̀ Lọ́kọ́ja

Ìyá ti sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò tì í lẹ́yìn, nítorí "gbígbẹ" yẹn ni mi ò lè gbé mì.

Ká ní omi inú kajú jẹ́ 15% nígbà tí ẹ rà á, tí ẹ sì sá a títí tó fi ku 8%. Nínú 1,000 kg, 850 kg ni kajú gan-an, ìyókù omi ni. 850 kg yẹn ló máa di 92% ohun tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn sísá. Ẹ pín in: ó jẹ́ nǹkan bíi 924 kg. Tí ẹ bá ṣe é fún tọ́ọ̀nù 50, ohun tó lọ kò tó tọ́ọ̀nù 4. Mẹ́wàá ni tiyín.

Mi ò sọ pé wọ́n jí i o. Eku lè jẹ ẹ́, ó lè jẹrà, sikéèlì tí wọ́n fi rà á lè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi tà á. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ gbígbẹ nìkan ló jẹ́ kí 50 di 40, omi tó wà nínú kajú yẹn nígbà tí ẹ rà á ti ju 26% lọ. Ta ló ra irú kajú bẹ́ẹ̀? Ṣé iye kajú gbígbẹ ni wọ́n san lé e? Bó ṣe wù kí M.D. dáhùn, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan péré nìyẹn o, ìṣẹ́jú méjì, láìpariwo, láìpe ẹnikẹ́ni lólè. Ohun tí à ń pè ní iṣẹ́ bọ́ọ̀dù gan-an nìyẹn.

Ẹ yan ìgbìmọ̀ kékeré ẹni mẹ́ta tó máa mójú tó owó. Kí M.D. má sí nínú rẹ̀. Kí sítétímẹ́ńtì báńkì máa bọ́ sí ọwọ́ wọn tààrà láti báńkì lóṣooṣù. Èyí tí M.D. bá tún tẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má gbà á. Mo ti rí sítétímẹ́ńtì tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà "tún ṣe" rí, ó mọ́ ju ti báńkì lọ.

Òfin gba ilé-iṣẹ́ kékeré láyè kó má gba ọ̀dítọ̀, ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò: èyí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 120 náírà lọ, tí dúkìá rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò sì ju mílíọ̀nù 60 lọ, pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀ náà, ẹ gba ọ̀dítọ̀. Owó ẹlòmíì ló wà lọ́wọ́ yín. (Wọ́n lè ní mo ń wá iṣẹ́. Ó dáa, ẹ gba ẹlòmíì.)

Ta ló ń ta àpò fún ilé-iṣẹ́ yín? Ta ló ni ọkọ̀ tó ń kó ẹrù? Abala 303 ní kí dáírẹ́kítọ̀ tó bá ní ọwọ́ nínú òwò kan pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ sọ ọ́ síta níwájú bọ́ọ̀dù.

Ọmọ Ìjùmú

Ẹ ṣé o. Ọ̀dítọ̀, ọ̀rọ̀ yín bá mi níbi tó ti ń dùn mí. Dáírẹ́kítọ̀ kan ló ni ọkọ̀. Àti pé, kí n má parọ́, èmi ni mo ta tapólì tí wọ́n fi ń sá kajú fún wọn. Iye ọjà ni mo tà á, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé tèmi ni ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ.

Ọ̀dítọ̀ Lọ́kọ́ja

Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ tìrẹ nípàdé tó ń bọ̀. Olówó ọkọ̀ á gbọ́.

Yàgbà l'Ábújá

😂😂 Dáírẹ́kítọ̀ tapólì! Àmọ́ mo fara mọ́ ọn. Mo sì gba àtúnṣe ẹ̀gbọ́n wa ará Kàbà. Ẹ fagi lé owó ìjókòó nígbà náà, àpòòwé yẹn ló ń mú wọn dákẹ́.

Ọ̀dọ́ Ẹ̀gbẹ̀

Rárá o. Mo wà nínú bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, a fagi lé e, àwọn mẹ́ta kò wá mọ́. Àwọn tó ń náwó ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn náà ni wọ́n máa ń ka ìwé jù. Ohun tí a wá ṣe ni pé owó ọkọ̀ jẹ́ ti gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ́, owó ìjókòó rẹ̀ padà sápò ẹgbẹ́. Ìpàdé àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń sáré bọ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́.

Ẹ má fi WhatsApp pinnu nǹkan o. M.D. tiwa a máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé "mo fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀, ẹ gbà?", àwọn márùn-ún á fi àtàǹpàkò sí i, ó ti rà á nìyẹn.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Kàbà

Àtàǹpàkò WhatsApp kì í ṣe ìpinnu. Òfin gbà kí ẹ pinnu láìjókòó, ṣùgbọ́n orí ìwé ni, gbogbo dáírẹ́kítọ̀ tó yẹ kí wọ́n pè sípàdé ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Tí ẹnì kan bá kọ̀, ẹ lọ jókòó.

Ìmọ̀ràn Ìyá Oníkajú lórí oṣù ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kà níbí, tèmi náà wà nínú rẹ̀. Ẹ pàdé ní oṣù Kìn-ínní kí ọjà tó ṣí: iye tí M.D. kò gbọ́dọ̀ rà kọjá, ẹ̀yáwó, omi tó lè wà nínú kajú tí a máa gbà. Oṣù Kẹrin, ìpàdé kúkúrú, nínú sítọ́ọ̀ gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sikéèlì. Oṣù Keje, ìṣirò èrè àti àdánù. Oṣù Kọkànlá, ètò ọdún tó ń bọ̀. Ní ìparí ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí M.D. jáde síta fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ̀yin tó kù sọ̀rọ̀. Ẹ máa ṣe é nígbà gbogbo, bí ọ̀rọ̀ wà, bí kò sí. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí ìjà wà nìkan lẹ ní kó jáde, ó ti di ogun.

Bàbá Òwé

Ẹ kú àárọ̀. Mo ti ń kà yín láti àná, ọmọ ọmọ mi ló ń ràn mí lọ́wọ́.

Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àṣà wa ló ní kí àgbà máa dá nìkan pinnu. Ní Kàbà níbí, Ọbáró kì í dá ìlú ṣe. Ọbadòfin wà níbẹ̀, Ọbajẹmu wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í bi ọba ní ìbéèrè tó le fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú àwùjọ. Wọ́n á ti lọ bá a nínú ilé. Tí o bá fẹ́ bèèrè tọ́ọ̀nù mẹ́wàá rẹ níwájú èèyàn mẹ́wàá láìtíì sọ fún alága, ó dájú pé M.D. ló máa gbèjà. Lọ bá a nílé. Lọ ní ìrọ̀lẹ́, má mú ẹnikẹ́ni dání.

Ohun kan tún wà. O ní ó ká ìwé, ó fi sábẹ́ Bíbélì. Ta ló ń ka Bíbélì náà nípàdé?

Ọmọ Ìjùmú

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Akọ̀wé ló máa ń kà á. Alága á ṣí i, á wá gbé e fún un.

Bàbá Òwé

Ó dáa. Lọ bá a nílé.

Ọmọ Ìjùmú

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Mo lọ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Mo bá bàbá ní ìta, rédíò wà létí wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo mú ìwé ìpàdé tó kọjá wá, ohun kan wà níbẹ̀ tí kò yé mi. Mo nà án sí wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n gbé e sún mọ́ iná, wọ́n tún gbé e jìnnà. Wọ́n wá ní, "Ìwọ kà á." Ó ti tó ọdún mẹ́ta, wọ́n ní, tí awọ funfun ti bo ojú ọ̀tún, tòsì náà ti ń tẹ̀ lé e. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí M.D. máa ń wá ṣàlàyé ìwé fún wọn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé.

Mo kà á. Ojú ewé kẹsàn-án, mo ka àádọ́ta, mo ka ogójì, mo fẹ́ kọjá lọ. Wọ́n ní, "Padà síbẹ̀. Mélòó?" Mo tún un kà. Wọ́n pa rédíò. Àgbẹ̀ ni bàbá yìí kí a tó bí mi, wọn ò nílò ìṣirò Ọ̀dítọ̀ rárá. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Kajú kì í ṣe aṣọ tí a fi omi fọ̀."

Mo jẹ́wọ́ tapólì mi níbẹ̀ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti mọ̀.

A ti fohùn ṣọ̀kan lórí oṣù mẹ́rin yẹn. Ìwé ìpè ti jáde, ó ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ kí ìpàdé tó pé. Wọ́n ní kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá tẹ tiwọn, kí èmi sì wá kà á fún wọn lọ́jọ́ méjì ṣáájú, kì í ṣe M.D. Ọmọ wọn obìnrin ní òun máa mú wọn lọ ṣàyẹ̀wò ojú. Kí ìpàdé tó jókòó, wọ́n fẹ́ kí ẹni tó mọ kajú wá yẹ sikéèlì méjèèjì wò. Ìyá Oníkajú, ṣé ẹ lè bá wa wá?

Ìyá Oníkajú, Bùnú

Mò ń bọ̀. Ẹ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Ẹ má sì rò pé ìrẹsì ni mo wá sè o, mo máa gba owó ìjókòó.